Anthony Ogogo, Akànṣẹ́ Tó Jó Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Bí a bá dárúkọ Anthony láàárín àwọn tó fẹ́ràn ìjà ẹ̀ṣẹ́ ní Nàìjíríà, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò nnì, Anthony Joshua, ni gbogbo ènìyàn máa ń rò. Ẹbí rẹ̀ wá láti Ṣàgámù, ó sì lo ìgbà díẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ní ọdún 2012 tí wọ́n ṣe ìdíje Òlíḿpíìkì ní Lọ́ńdọ̀nù, òun ni ó gba wúrà láàárín àwọn tó sanra jù lọ. Ṣùgbọ́n Anthony méjì ni ó kan ẹ̀ṣẹ́ fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún náà, ẹ̀jẹ̀ Nàìjíríà ni ó sì wà lára àwọn méjèèjì. Èkejì ni Anthony Ogogo, tó gba idẹ. Wúrà ni ìtàn sábà máa ń rántí. Ti idẹ ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ó kan ọ̀rọ̀ kan tí a máa ń jiyàn lé lórí: ṣé òkìkí orí tẹlifíṣọ̀n ni ó ń ba ayé eléré ìdárayá jẹ́?

Lowestoft, ìlú etíkun kan ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí Ogogo sí ní ọjọ́ 24, oṣù Kọkànlá, ọdún 1988. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀. Ní 2010 ó gba fàdákà ní ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́lì ní Delhi, ilẹ̀ Íńdíà, àwọn ènìyàn sì ti ń fi ojú sọ́nà fún un kí Lọ́ńdọ̀nù tó dé. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ bẹ́ nínú ọpọlọ ìyá rẹ̀. Ìyá wà ní ilé ìwòsàn, kò mọ ibi tó wà; ọmọ wà níbi ìgbáradì, ó ń gbá àpò iyanrìn lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Kò sí akànṣẹ́ tó lè gbá àpò bó ṣe yẹ nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀. Síbẹ̀ Ogogo lọ jà.

Ìjà rẹ̀ kejì níbẹ̀ yẹ ní ohun tí à ń dúró lé. Ievgen Khytrov ará Ukraine ni ó kò lójú, ẹni tó gba adé àgbáyé ní ọdún tó ṣáájú. Nígbà tí ìjà parí, máàkì 18 ni ti ẹni kìíní, 18 ni ti ẹni kejì. Àwọn adájọ́ ní láti padà lọ ka gbogbo ẹ̀ṣẹ́ tí ẹ̀rọ wọn ti kọ sílẹ̀, kí wọ́n tó gbé Ogogo wọlé. Lẹ́yìn èyí ó na Stefan Härtel ará Jámánì, kí Esquiva Falcão ará Bràsíìlì tó dá a dúró. Nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́ Òlíḿpíìkì, ẹni méjì tó bá ṣubú ní ẹnu ọ̀nà àṣekágbá ni wọ́n máa ń fún ní idẹ, láìjẹ́ pé wọ́n tún bá ara wọn jà. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe gbà á. Ìyá rẹ̀ kò kú.

Ní 2013 ó di ẹni tó ń fi ẹ̀ṣẹ́ ṣiṣẹ́ ajé, lábẹ́ Golden Boy, ilé-iṣẹ́ Oscar De La Hoya ní Amẹ́ríkà. Níbí ni ó yẹ kí a ti mọ bí owó iṣẹ́ yìí ṣe ń wọlé. Tíṣà ń gba owó oṣù. Bí ibà bá dá a dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, owó rẹ̀ kò lọ. Akànṣẹ́ kò ní owó oṣù. Ọjọ́ tó bá jà ni wọ́n ń san fún un, nínú rẹ̀ náà ni olùkọ́ rẹ̀ àti àwọn tó ń tọ́ ọ sọ́nà yóò ti gba tiwọn. Bí kò bá jà, kò sí. Iṣan gìgísẹ̀ sì kọ́kọ́ yọ Ogogo lẹ́nu títí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, oṣù gigun sì kọjá láìsí ìjà kankan.

Ìgbà yìí ni tẹlifíṣọ̀n wọ ọ̀rọ̀ náà. Strictly Come Dancing ni orúkọ ètò tí mo ń wí, BBC ni ó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2004. Àwọn gbajúmọ̀ tí kì í ṣe oníjó ni wọ́n ń kó jọ, wọ́n á fi oníjó gidi kọ̀ọ̀kan tì wọ́n, wọ́n á máa jó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn adájọ́ á fún wọn ní máàkì, àwọn tó ń wòran nílé á dìbò, ẹnì kan á sì máa palẹ̀ mọ́ lọ sílé, bí a ṣe mọ̀ ọ́n nínú Big Brother Naija tiwa. Ní 2015 Ogogo wà nínú wọn. Oti Mabuse, ọmọ Gúúsù Áfríkà, ni wọ́n fi tì í. Kò pẹ́ níbẹ̀. Òun ni ẹni kejì tí wọ́n ní kó máa lọ. Ṣùgbọ́n àárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yẹn tó kí àwọn tí kò wo ìjà ẹ̀ṣẹ́ rí láyé wọn tó mọ ojú rẹ̀. Àwọn kan sọ pé akànṣẹ́ tó bá ní láárí kò yẹ kó máa wọ aṣọ dídán jó. Èmi kò rí ìtìjú kankan níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ni akànṣẹ́ fi ń jà kí ó tó fi ọwọ́ jà.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìṣòro gidi dé. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2016, ó bá Craig Cunningham jà ní Birmingham, ìjà náà kò dé òpin tí wọ́n fi dá a dúró, Ogogo sì pàdánù fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó hàn pé egungun tó yí ojú òsì rẹ̀ ká ti fọ́. Láti ìgbà náà ni ohun kan ṣoṣo ti ń di méjì lójú rẹ̀, nítorí pé ojú òsì kò bá ojú ọ̀tún rìn mọ́. Akọ̀wé lè di ojú kan kó máa bá iṣẹ́ lọ. Akànṣẹ́ ńkọ́? Ẹ̀ṣẹ́ méjì ni ó rí tó ń bọ̀, èwo ni kí ó yẹ̀? Kò sì sí dókítà ìjà tó máa buwọ́ lu ìwé fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ abẹ lórí iṣẹ́ abẹ, láti ọ̀dọ̀ oníṣègùn kan sí òmíràn, fún ohun tó lé ní ọdún méjì. Ní oṣù Kẹta, ọdún 2019, ó kéde pé òun ti fi ìjà sílẹ̀. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni. Ìjà 12 ni ó jà, ó borí nínú 11. Láàárín ìgbà kan náà, Joshua ti na Wladimir Klitschko ní Wembley lójú ogunlọ́gọ̀. Ogogo kò fi pamọ́ pé ìbànújẹ́ ọkàn mú òun gidigidi ní àwọn ọdún yẹn.

Ní agbègbè wa níbí, ní Òsì, ìlú Areogun agbẹ́gilére, a mọ ère Ẹ̀pà. Gbogbo ojú ni ó ń wo ère: ẹṣin, jagunjagun, ìyá ọlọ́mọ, gbogbo ohun tí agbẹ́gi gbẹ́ sórí rẹ̀. Ta ni ń wo ọrùn ẹni tó rù ú? Ère náà wúwo, ẹni tó rù ú sì ní láti jó, kí ó tún fò. Bí mo ṣe lóye ọ̀rọ̀ Ogogo nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a to àwọn ọjọ́ náà báyìí. Ìṣòro gìgísẹ̀ ti wà kí ó tó lọ jó. Ẹ̀ṣẹ́ ni ó fọ́ egungun ojú, ijó kọ́, ọdún kan sì ti kọjá lẹ́yìn ijó. Nítorí náà àwọn tó ń sọ pé tẹlifíṣọ̀n ni ó ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kò ka kàlẹ́ńdà.

Ṣùgbọ́n n kò sọ pé ọwọ́ tẹlifíṣọ̀n mọ́ níbi gbogbo. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe ètò kan tí à ń pè ní The Contender, níbi tí akànṣẹ́ mẹ́rìndínlógún ti ń gbé pọ̀ tí wọ́n sì ń bá ara wọn jà nítorí owó ńlá. Najai Turpin, ọmọ Philadelphia, wà nínú wọn. Wọ́n ti ya ìjà rẹ̀ sílẹ̀, ó ti pàdánù, ṣùgbọ́n wọn kò tíì gbé e jáde fún aráyé, àdéhùn kò sì gbà á láyè láti lọ jà níbòmíràn títí ètò yóò fi parí. Ẹrù ẹbí wà lọ́rùn rẹ̀, ìyá rẹ̀ ti kú. Ní oṣù Kejì, ọdún 2005, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ètò náà bẹ̀rẹ̀, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún péré. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìdí kan ṣoṣo ni ó fà á ń parọ́, ṣùgbọ́n dídá akànṣẹ́ dúró láìjà, nígbà tí a ti mọ̀ pé ìjà ni oúnjẹ rẹ̀, kì í ṣe ohun kékeré.

Kí irú ètò báyìí tó dé ni ọ̀ràn náà sì ti wà. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹjọ, ọdún 1963, Dick Tiger na Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ní pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn. Fullmer kò jáde fún ìpele kẹjọ. Ìbàdàn yìí kan náà ni WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959, tẹlifíṣọ̀n sì ti sọ Tiger di ojú tí wọ́n mọ̀ ní Amẹ́ríkà pàápàá. Ogun abẹ́lé dé, ó gbè sẹ́yìn Bìáfírà, ó sì dá oyè MBE tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi dá a lọ́lá padà. Nígbà tó fi ẹ̀ṣẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ ọlọ́dẹ ni ó ń ṣe ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan ní New York. Àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ mú un, ó padà sílé, ó sì kú ní Àbá ní oṣù Kejìlá, ọdún 1971. Ẹni tó gba adé àgbáyé ní ìwọ̀n méjì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, àwọn àlejò ń kọjá lára rẹ̀.

Ogogo rí ọ̀nà mìíràn, orí tẹlifíṣọ̀n náà ni ó sì ti rí i. Ó dara pọ̀ mọ́ AEW, àwọn oníjàkadì Amẹ́ríkà tí wọ́n ti mọ ẹni tó máa borí kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2021, ní Jacksonville, ó kojú Cody Rhodes, ọ̀kan nínú àwọn tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n fi polówó rẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ kan náà tó ti na Khytrov. Rhodes ni ó borí.