Ìpíndọ́gba àti Iye Àárín: Ìtàn Òṣùwọ̀n Ìtẹ̀sápákan

Bí àgbẹ̀ márùn-ún bá kó iṣu wá sọ́jà, tí iye iṣu wọn jẹ́ 2, 3, 4, 5 àti 36, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 50, ìpíndọ́gba rẹ̀ sì jẹ́ 10. Síbẹ̀, mẹ́rin nínú wọn kò ní ju iṣu márùn-ún lọ. Bí a bá tò wọ́n láti orí èyí tó kéré jù, 4 ni iye àárín. Irú àlàfo báyìí ni àwọn onímọ̀ sìtátísíìkì fi ń fura pé àkójọ iye kan tẹ̀ sápá kan.

Ní ọdún 1843 ni Antoine Augustin Cournot, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fún iye àárín ní orúkọ. Francis Galton mú orúkọ náà wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1881. Ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé bí a bá wọn ohun ẹlẹ́mìí, iye rẹ̀ yóò pín dọ́gba sí ọ̀tún àti òsì ìpíndọ́gba. Akàn ni ó kọ́kọ́ da èrò yìí rú. W. F. R. Weldon wọn 1,000 abo akàn láti Naples ní ilẹ̀ Ítálì. Àbájáde tó gbé jáde ní 1893 fi hàn pé ìbú iwájú orí wọn kò pín dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ yìí ni Karl Pearson gbé yẹ̀ wò ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1895, ó yọ iye tó fara hàn jù lọ kúrò nínú ìpíndọ́gba, ó sì fi ìwọ̀n bí àwọn iye náà ṣe fọ́n ká pín èyí tó ṣẹ́ kù. Nítorí pé iye tó fara hàn jù lọ ṣòro láti tọ́ka sí, iye àárín rọ́pò rẹ̀, a sì ń fi 3 sọ àlàfo náà di púpọ̀. Ní 1932, Harold Hotelling àti Leonard Solomons fi ẹ̀rí hàn pé àlàfo ìpíndọ́gba àti iye àárín kò lè ju ìwọ̀n ìfọ́nká lọ láé.

Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n yàtọ̀ sí ìdánwò, nítorí àlàfo lè jẹ́ àkọsẹ̀bá lásán. Ní 1996, Cabilio àti Masaro gbé ìdánwò kan kalẹ̀ tó ka iye ohun tí a wọ̀n mọ́ ọn, kí àlàfo kan náà lè wúwo nínú àkójọ ńlá ju nínú èyí tó kéré lọ. Ní 2006, Miao, Gel àti Gastwirth fi ìwọ̀n ìfọ́nká mìíràn rọ́pò ti àtijọ́, èyí tí iye gàgàrà kan kò lè tètè gbé sókè.

Láàárín ọdún méjèèjì yìí, ní 2005, Paul von Hippel tún ìwé àwọn olùkọ́ wò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kọ́ni pé apá tí àkójọ bá tẹ̀ sí ni ìpíndọ́gba máa ń sún sí. Ó fi hàn pé òfin yìí máa ń yẹ̀, pàápàá níbi tí iye kò ti pọ̀ ní oríṣi. Ẹ wo 1, 5, 6, 8 àti 10: ìpíndọ́gba jẹ́ 6, iye àárín náà jẹ́ 6, síbẹ̀ apá méjèèjì kò bára mu. Nítorí náà, olùkọ́ tó bá ń kọ́ni ní òfin yìí ní láti fi kún un pé àìsí àlàfo kò tó ẹ̀rí pé àkójọ kan dọ́gba.