Owó Ìrànwọ́ Ẹ̀kọ́ Òkè-Òkun àti Iṣẹ́ Ìwádìí lórí Yorùbá, láti 1855 títí di Òní

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Nínú ìtàn ẹ̀kọ́ gíga láàrin àwọn Yorùbá, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó ni àáké. Ìjọ, ìjọba tàbí orílẹ̀-èdè tí ó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí òkè-òkun ní ohun tí ó ń wá ní tirẹ̀. Iṣẹ́ tí ó já lé akẹ́kọ̀ọ́ léjìká ni pé kí ó mọ ibi tí ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ àti ohun tí olówó ń wá ti pàdé. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Òun ni ó pinnu ẹ̀ka ìmọ̀ Yorùbá tí a kọ́kọ́ ṣe ìwádìí lé lórí, òun náà ni ó sì pinnu ibi tí a ti ṣe é.

Àwọn tí a kọ́kọ́ rán lọ

Ní 1855, Ilé-Iṣẹ́ Ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS, rán ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta láti Freetown ní ilẹ̀ Sàró lọ sí King's College ní Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ibà ń pa àwọn dókítà òyìnbó ní etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìjọba sì ń wá ẹni tí ilẹ̀ náà kò ní tètè pa. Méjì ni ó parí ẹ̀kọ́ náà. James Africanus Horton jẹ́ ọmọ Ìgbò tí a bí sí Sàró. William Broughton Davies jẹ́ ọmọ àwọn Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Àwọn méjèèjì gba ìwé ẹ̀rí oníṣègùn ní 1858, wọ́n sì tẹ̀síwájú ní ilẹ̀ Skọ́tílándì láti gba oyè ọ̀mọ̀wé, Davies ní St Andrews, Horton ní Edinburgh. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti wọ iṣẹ́ ológun. Ohun tí a rán wọn ni wọ́n jẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Horton kò dúró síbẹ̀: ó kọ ìwé lórí àrùn, lórí ojú ọjọ́, àti ní 1868, lórí bí àwọn ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe lè ṣe àkóso ara wọn. Bóyá èyí kọ́ ni olówó fẹ́ gbọ́. Inú àwọn dókítà òyìnbó inú iṣẹ́ ológun kò dùn sí ètò náà, kò sì pẹ́ tí ó fi kú.

Lẹ́yìn èyí, owó ẹbí ni ó rán ọ̀pọ̀ lọ. Òwò àti oko kòkó ni ó sọ ọmọ Èkó àti ọmọ Ẹ̀gbá di lọ́yà àti dókítà. Nígbà tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1925, ọ̀kan lára ohun tí ó ń dùn wọ́n ni ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú yóò sùn sí, nítorí ọ̀pọ̀ onílé kì í gbà wọ́n. Ní 1933 ni ẹgbẹ́ náà ṣí ilé tiwọn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ìwé ilé tí ó wà ní àjò

Nígbà tí a dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó sì di 1962 kí ó tó dá dúró. Ṣùgbọ́n oyè nìkan kọ́ ni ó ń fa àwọn olùwádìí lọ. Ṣàbúrí Bíòbákú ṣe ìwádìí lórí ìtàn Ẹ̀gbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1957. J. F. Adé Àjàyí ṣe tirẹ̀ lórí àwọn ajíhìnrere Kírísítì ní Nàìjíríà, ìwé náà sì jáde ní 1965. Àwọn méjèèjì gba oyè ọ̀mọ̀wé wọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́tà tí Àjàyí Crowther àti Henry Townsend jókòó kọ ní Abẹ́òkúta wà ní olú ilé-iṣẹ́ CMS ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó wà ní ilé ìkówèésí ìjọba níbẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá tí ó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n kọ nípa baba ńlá rẹ̀ ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi. Èyí tilẹ̀ sàn ju ti Samuel Johnson lọ: ìwé ìtàn Yorùbá tí ó fi ránṣẹ́ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1899 sọnù sí àjò. Ó kú ní 1901, àbúrò rẹ̀, Obadiah, ni ó tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó fi sílẹ̀, kí ó tó jáde ní 1921.

Ní sáà yìí, ọ̀nà owó ti pọ̀ sí i. Òfin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1940 fún ìdàgbàsókè àwọn ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ mú sikọ́láṣíìpù wá. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí ó ń múra ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti 1955 sílẹ̀, náà ń wá olùkọ́ àti òṣìṣẹ́. Ẹni tí a bá yàn a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé òun yóò padà wá sin ìjọba.

Ìjà àwọn alágbára àti gírámà Yorùbá

Àárín 1957 sí 1962 ni ọ̀rọ̀ náà gbóná jù. Ní 1957, ìjọba Sófíẹ̀tì ju sátẹ́láìtì sí ojú ọ̀run. Ní 1958, Amẹ́ríkà fi ìbẹ̀rù ṣe òfin ètò ẹ̀kọ́ fún ààbò orílẹ̀-èdè, wọ́n sì ya owó sọ́tọ̀ fún kíkọ́ èdè àwọn ilẹ̀ tí wọn kò mọ̀ dunjú. Yorùbá wà lára èdè tí ó jàǹfààní rẹ̀. Ní 1959, àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì pàdé ní Oxford, wọ́n sì fẹnu kò sí ètò sikọ́láṣíìpù 1,000. Gẹ̀ẹ́sì gba ìdajì rẹ̀ sí ọrùn, Kánádà gba 250. Ní 1960, Mọ́sìkò dá yunifásítì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n fi orúkọ Patrice Lumumba pè ní ọdún kejì. Òfin Amẹ́ríkà yẹn kò ní Yorùbá lọ́kàn rárá. Ẹ̀rù Rọ́ṣíà ni ó bí i. Síbẹ̀, ó wà lára ohun tí ó mú kí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wà fún Yorùbá ní àwọn yunifásítì tí kò tíì gbọ́ orúkọ Ọ̀yọ́ rí.

Àkókò yìí náà ni gírámà Yorùbá di iṣẹ́ ìjìnlẹ̀. Ayọ̀ Bámgbóṣé gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Edinburgh ní 1963, ìwé gírámà rẹ̀ sì jáde ní 1966. Ọládélé Awóbùlúyì gba tirẹ̀ ní Columbia, New York, ní 1967, lórí ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá. Kì í ṣe èèṣì pé ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni ó kọ́kọ́ rí ọ̀nà. Edinburgh àti Columbia ní tíọ́rì lọ́wọ́, wọ́n sì ń wá èdè tí wọn yóò fi dán an wò. Lítíréṣọ̀ alohùn kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, Adébóyè Babalọlá ṣe iṣẹ́ lórí ìjálá fún oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1966. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni Ọlátúndé Ọlátúnjí ti gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí ewì alohùn ní 1970, Èkó sì ni Wándé Abímbọ́lá, tí ó ti gba oyè kejì ní Northwestern ní Amẹ́ríkà, padà sí láti kọ iṣẹ́ rẹ̀ lórí Ifá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Iṣẹ́ tí ó gba kí olùwádìí jókòó ti babaláwo àti onírárà kò lè pẹ́ ní àjò. Sáà kúkúrú yẹn, nígbà tí owó wà nílé tí ìwé sì ń wọlé, ni ó fi hàn pé a lè di ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ Yorùbá láìkúrò nílé.

Láti 1986 títí di òní

Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986 wó náírà lulẹ̀. Owó tí ó ń ra ìwé mẹ́wàá fún ilé-ìkàwé tẹ́lẹ̀ kò ra méjì mọ́, àwọn olùkọ́ sì ń lọ. Sikọ́láṣíìpù òkè-òkun, tí ó jẹ́ àfikún tẹ́lẹ̀, wá di ọ̀nà àbáyọ, ìdíje rẹ̀ sì le.

Lónìí, ọ̀nà náà pín sí oríṣiríṣi. Ètò Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì wà síbẹ̀. Apá kan rẹ̀ wà fún ẹni tí ó ti forúkọ sílẹ̀ fún oyè ọ̀mọ̀wé nílé, tí yóò lọ lo nǹkan bí oṣù 12 ní Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó padà. Àjọ DAAD ti Jámánì ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láti kàwé ní Áfíríkà fúnra rẹ̀. Ètò Fulbright ń gba olùkọ́ Yorùbá lọ sí Amẹ́ríkà láti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ní èdè náà fún ọdún ẹ̀kọ́ kan, láìsí oyè níbẹ̀, pẹ̀lú òfin pé kí ó padà wá lo ọdún méjì nílé. TETFund, tí a dá sílẹ̀ ní 2011, máa ń rán àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba lọ títí di òpin 2024. Ètò ìjọba àpapọ̀ tí ó ń rán ọmọ lọ sí Rọ́ṣíà, Mòrókò, Ṣáínà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn nípa àdéhùn kò rí bẹ́ẹ̀: ní 2025, Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́ kéde pé òpin ti dé bá a, lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ ti fi ìgbà púpọ̀ ké pé owó oúnjẹ kò dé.

Ẹni tí ó ń wá irú owó bẹ́ẹ̀ fún ìwádìí sáà máa ń kọsẹ̀ níbi kan náà. Ẹni tí ó kọ̀wé pé òun fẹ́ ṣe ìwádìí lórí òwe Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù ni a ó bi pé kí ló dé tí kò fi ṣe é ní Ìbàdàn, kò sì ní rí èsì fọ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ka iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tí yóò ṣe alábòójútó rẹ̀, tí ó kọ lẹ́tà sí i, tí ó sì lè dárúkọ ìwé tí kò sí níbòmíràn, ni ó ní ìdáhùn. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ sì wà. Àwọn ìwé CMS ti kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, Yunifásítì Birmingham ni wọ́n wà báyìí. A ti ya fọ́tò apá kan nínú wọn sórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ilé-ìkàwé tí ó bá san owó ni ó lè ṣí i. Fún ìyókù, ẹni tí ó bá fẹ́ fọwọ́ kan lẹ́tà tí Crowther kọ ní Abẹ́òkúta ní 1846, ọdún tí ó tún rí ìyá rẹ̀, ní láti kọ́kọ́ gba físà, kí ó san owó ọkọ̀ òfuurufú, kí ó sì wá ibi tí yóò sùn sí ní Birmingham.