Eyín Yíyọ àti Àìsàn Ọkàn

Ọ̀rọ̀ eyín ni a mú wá lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ọkàn ni yóò gbé wa dé. Ọkàn tí ń lù nínú àyà ni a ń wí, kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń wàásù lé lórí.

Ní 1935, ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn dókítà méjì, Okell àti Elliott, yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín fún wò. Nínú 100, nǹkan bí 61 ni wọ́n bá kòkòrò ẹnu nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ara tí ó le a máa gbá wọn dànù kíákíá. Ṣùgbọ́n bí àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké inú ọkàn bá ti ní àbùkù, kòkòrò lè lẹ̀ mọ́ wọn, kí ó sì máa jẹ wọ́n run. Kí pẹnisílíìnì tó dé, ẹni tí àrùn yìí bá mú kò sábà yè é. Nítorí náà ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọkàn ní Amẹ́ríkà ṣe dámọ̀ràn ní 1955 pé kí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ máa gba pẹnisílíìnì kí a tó yọ eyín rẹ̀.

Ó tó àádọ́ta ọdún kí ìlànà náà tó yí padà gidigidi. Ní 2007, ẹgbẹ́ kan náà ní kí ó kù sórí ẹni tí a fi ilẹ̀kùn àtọwọ́dá sí ọkàn rẹ̀, ẹni tí àrùn náà ti mú rí, àti àwọn díẹ̀ mìíràn. Ìdí wọn ni pé jíjẹun àti rírun orin lójoojúmọ́ ń ti kòkòrò sínú ẹ̀jẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ju eyín kan tí a yọ lẹ́ẹ̀kan lọ. Ẹnu mímọ́ ni ààbò tí ó tóbi jù.

Òtítọ́ ni. Síbẹ̀, ní ilẹ̀ wa, ibà làkúrègbé ni ó ń ba ilẹ̀kùn ọkàn ọ̀pọ̀ èwe jẹ́, láti inú ọ̀fun dídùn tí a kò tọ́jú, àwọn wọ̀nyí gan-an ni ìlànà 2007 sì yọ sílẹ̀. Ní New Zealand, níbi tí ibà náà ṣì ń yọ àwọn Maori lẹ́nu, ìlànà tí wọ́n ṣe ní 2008 kò yọ wọ́n. Lójú tiwa, ọ̀ràn New Zealand ni ó jọ tiwa jù.

Dókítà ni yóò pinnu, kì í ṣe oníkẹ́míìsì. Ẹni tí ó bá ti Gyel lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá ní Lamingo fún eyín, kí ó mú ìwé ìtọ́jú ọkàn rẹ̀ dání, kí ó sì sọ bí pẹnisílíìnì kò bá bá a lára mu. Amoxicillin 2 gíráàmù ni àgbàlagbà ń lò, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ṣáájú. Bí ibà bá sì dé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, tí oògùn ibà ẹ̀fọn kò ràn án, kí ó sọ fún dókítà pé a yọ eyín òun: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni a óò kọ́kọ́ gbà fún àyẹ̀wò, kí oògùn apakòkòrò mìíràn tó wọ ara rẹ̀.