Ọmọ tí ó Dàgbà Nínú Ogun: Ìbàdàn, Ìjàyè, àti Eré Orí Ìtàgé



Ní Ọjà'ba, ní Mápó, ní Bẹẹrẹ àti ní Bẹyẹrúnkà, agbo ilé àwọn jagunjagun kò jìnnà sí ara wọn. Ọmọ agbo ilé kọ̀ọ̀kan mọ oríkì baba ńlá rẹ̀. Ó mọ ìlú tí baba náà fọ́, ó sì mọ orúkọ oyè tí a fi dá a lọ́lá. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í léèrè pé, "Àwọn ọmọ ìlú tí a fọ́ náà ńkọ́? Níbo ni wọ́n gbé dàgbà?" yóò dákẹ́. Nítorí àwọn ọmọ wọ̀nyí ni mo ṣe dìde sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ fi hàn pé eré orí ìtàgé ti ń sọ apá kan ìtàn wọn tí oríkì kò sọ, àti pé ọ̀ràn náà kan àwa ọmọ Ìbàdàn gidigidi, nítorí àwa ni ọmọ àwọn tí ó ṣẹ́gun.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ìbàdàn tí a ń gbé yìí, ibùdó ogun ni ní ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú, pẹ̀lú àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò ní ilé wọn, ni ó pa ọwọ́ pọ̀ tí wọ́n fi fọ́ Òwu. Nígbà tí ó sì di nǹkan bí ọdún 1829, wọ́n tẹ̀dó sí ibí yìí. Nítorí náà, àwọn ọmọ tí a kọ́kọ́ bí ní Ìbàdàn, àárín àwọn ológun ni a bí wọn sí. Wọn kò mọ ayé mìíràn tí kò ní ogun nínú.

Ní ọdún 1853 ni Àlùfáà David Hinderer àti aya rẹ̀, Anna, dé láti gbé ní Ìbàdàn, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Ìyáàfin Hinderer kó àwọn ọmọdé jọ, ó ń kọ́ wọn ní ìwé, ó sì ń bọ́ wọn. Ní 1858, ọmọkùnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá bá àwọn òbí rẹ̀ dé láti Sàró, nítorí baba rẹ̀ wá bá Hinderer ṣiṣẹ́. Orúkọ ọmọ náà ni Samuel Johnson. Ní Hastings ní Sàró ni a bí i ní 1846. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni baba rẹ̀, tí a ti kó lẹ́rú rí kí a tó dá a sílẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìjà fi dé. Aláàfin Atìbà wàjà ní 1859. Adélù ọmọ rẹ̀ gorí ìtẹ́, ṣùgbọ́n Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè, kò gbà, nítorí àṣà àtijọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá baba rẹ̀ kú. Ìbíkúnlé, Balógun Ìbàdàn, kò fẹ́ ogun náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀ ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Ẹ̀gbá gbè sí ẹ̀yìn Ìjàyè, gbogbo ọ̀nà etí òkun sì dí mọ́ Ìbàdàn.

Ẹ wo ilé Kúdẹtì ní àkókò náà. Owó kò lè ti Èkó wá mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu àwọn ọmọ kò dín. Ìyáàfin Hinderer bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun ilé: agolo bísíkíìtì, àwọn páànù tí a fi tẹ́ inú àpótí ẹrù, àti aṣọ tí ó ti gbó. Ohun tí ó rí níbẹ̀ ni a fi ra oúnjẹ. Ní ilé ẹni tí ń ṣẹ́gun ni ebi yìí gbé wà, kì í ṣe ní ìlú tí a dó tì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ Kúdẹtì, kí ni a ó ti wí nípa àwọn ọmọ Ìjàyè?

Kúrunmí kú ní 1861. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù March, 1862, Ìjàyè fọ́. Àwọn tí ó lè sá sá lọ sí Abẹ́òkúta. Àwọn tí kò lè sá, àwọn ará wa kó wọn wá sí ìhín. Àwọn ọmọdé Ìjàyè wọ inú agbo ilé wa bí ẹrú. Wọ́n pọn omi, wọ́n gé igi, wọ́n sì lọ sí oko. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ a fẹ́ wọn, wọ́n sì bímọ fún wa. Nítorí náà, nígbà tí mo bá wí pé ọmọ àwọn tí ó ṣẹ́gun ni wá, òótọ́ náà ku ààbọ̀: púpọ̀ nínú wa jẹ́ ọmọ ẹni tí a ṣẹ́gun pẹ̀lú. Ẹni tí ó ṣeni a máa gbàgbé, ẹni tí a ṣe kì í gbàgbé. Àmọ́ nígbà tí àwọn méjèèjì bá di ìyá àti baba fún ọmọ kan náà, ta ni yóò rántí fún ọmọ náà?

Samuel Johnson rántí. Ní 1863 ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn náà ó padà sí Ìbàdàn, ó di olùkọ́, ó sì di àlùfáà. Nígbà ogun Kírìjì, tí ó gba ọdún mẹ́rìndínlógún, òun ni ó ru ọ̀rọ̀ àlàáfíà láàrín Ìbàdàn àti Gómìnà Èkó. Ní 1886 ó lọ sí àwọn ibùdó ogun pẹ̀lú Àlùfáà Charles Phillips láti parí ìjà. Ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ó kú ní 1901, ìwé tí ó fi ọwọ́ kọ sì sọnù. Obadiah, arákùnrin rẹ̀, tún un tò láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Ẹ kíyèsí i: ọmọ tí ó dàgbà nínú ogun ni ó ru àlàáfíà, òun náà ni ó sì kọ ìtàn.

Ṣùgbọ́n ìwé ńlá kò wọ ilé gbogbo ènìyàn. Eré ni ojú púpọ̀ lè wò lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé eré kò bá ìjọ mu. Ní 1944, nígbà tí Hubert Ògúndé gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Èkó, lórí ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run, ìjọ Aládùúrà kan ni ó ṣe é fún.

Ní 1969, ní Ilé-Ifẹ̀, Ọlá Rótìmí gbé eré Kúrunmí jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nínú rẹ̀, a kò rí Kúrunmí bí ọ̀tá Ìbàdàn nìkan. A rí baba tí àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ kú lójú ogun. Ní 2004, Fẹ́mi Òṣófisan, ẹni tí ó ti pẹ́ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, kọ eré nípa àwọn obìnrin Òwu. Ó gba ìlànà rẹ̀ láti inú eré àtijọ́ ti Euripides, ará Gíríìsì, lórí àwọn obìnrin Tróì. Ìlú ti jó; àwọn obìnrin ń dúró de ẹni tí yóò kó wọn lọ; a sì gba ọmọ kékeré kan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ láti pa á, kí ó má baà dàgbà láti gbẹ̀san. Ìjẹ̀bú ni Òṣófisan. Ìjẹ̀bú wà nínú àwọn tí ó fọ́ Òwu. Ọmọ ẹni tí ó ṣẹ́gun ni ó jókòó sunkún lórí ìlú tí a fọ́. Bí ẹ bá bi mí léèrè èrè tí ó wà nínú eré orí ìtàgé, èyí ni.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wà ní ilẹ̀ Palẹ́sítínì pẹ̀lú, ilẹ̀ tí a mọ àwọn ìlú rẹ̀ nínú Bíbélì. Lẹ́yìn ìdìde àwọn ará Palẹ́sítínì ní 1987, obìnrin Júù kan, Arna Mer-Khamis, wọ ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Jenin. Ó kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ní ìwé nígbà tí a ti ilé-ẹ̀kọ́ wọn pa. Òun àti Juliano, ọmọ rẹ̀, sì dá ilé eré sílẹ̀ fún wọn. Arna kú ní 1995. Ilé eré náà wó nínú ìjà ọdún 2002. Juliano padà lọ wá àwọn ọmọ tí ó ti ṣe eré níbẹ̀ rí; ó bá a pé àwọn kan ti gbé ìbọn, wọ́n sì ti kú. Ó ṣe fíìmù lórí wọn, ó sì bá àwọn mìíràn dá ilé eré mìíràn sílẹ̀ ní ibùdó náà ní 2006. Ní 2011, a yìnbọn pa á nítòsí ibẹ̀. Ní Gásà, lẹ́yìn ogun 2008 sí 2009, ẹgbẹ́ eléré Ashtar kó àwọn ọ̀dọ́ jọ pé kí olúkúlùkù kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. A ka ọ̀rọ̀ wọn ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní 2010. A sì tún kà á nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2023.

Ẹnìkan yóò wí pé, "Àlùfáà, eré náà kò sáà dá ogun dúró." Òótọ́ ni, eré kì í dá ìbọn dúró. Ìwé Johnson pàápàá kò jí òkú Ìjàyè kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti jókòó wo ìyá kan tí a gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì mọ̀ pé baba tòun ni ó gbà á, kò ní lè máa ki oríkì ogun bí ẹni tí kò mọ̀ mọ́. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìbàdàn ti dàgbà tó láti wo ẹ̀yìn.

Nítorí náà, ohun kan ni mo bẹ̀ yín. Kí olúkúlùkù yín bi àgbàlagbà ilé rẹ̀ léèrè nípa ìyá ńlá tí a kó wá: láti ìlú wo, ta ni ó gbà á, orúkọ wo ni ó ń jẹ́ kí a tó sọ ọ́ ní òmíràn? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ sì fi í ṣe eré ní èdè wa, ní gbọ̀ngàn ìjọ wa, níwájú àwọn ọmọ wa, kí ọmọ tí a kó wá lè sọ orúkọ ara rẹ̀ ní ilé tí a kó o wá sí.