Ọdún tí ewé àgbàdo dípẹtà

Ní ọdún 1949, àwọn àmì kéékèèké tó pupa bí ìpẹtà ara irin bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára ewé àgbàdo ní Sierra Leone, ilẹ̀ tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró. Bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án, ìyẹ̀fun pupa a lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìrẹsì ni olórí oúnjẹ àwọn ará Sàró, nítorí náà wọ́n lè fara dà á. Ṣùgbọ́n kí ọdún 1950 tó parí, àìsàn náà ti dé Gold Coast tó di Ghana lónìí, ó ti dé Dahomey, ó sì ti wọ Nàìjíríà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá di ọ̀rọ̀ ikùn. Ẹni tó ń jẹ kenkey ní Accra, ẹni tó ń jẹ àkàsà ní Kútọnu, ẹni tó ń mu ògì ní Ìbàdàn, orí àgbàdo kan náà ni gbogbo wọn dúró lé. Ní àwọn ibì kan, ó tó ìdajì ìkórè tó ṣòfò.

Puccinia polysora ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ni, ìbátan olú tí a ń sè lọ́bẹ̀ àti èbu tó ń bo búrẹ́dì. Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ti ń ba àlìkámà jẹ́ tipẹ́tipẹ́, débi pé àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní òrìṣà kan tí wọ́n ń bọ lóṣù kẹrin ọdún kí ìpẹtà má baà jẹ ọkà wọn. Èyí tó ń jẹ àgbàdo kò lè gbé inú irúgbìn gbígbẹ. Ara ewé tó wà láàyè nìkan ló ti ń jẹ, ibẹ̀ náà ló ti ń bímọ. Ìyẹ̀fun pupa yẹn ni ọmọ rẹ̀, atẹ́gùn ló sì ń gbé e kiri. Ooru àti ọ̀rinrin ló fẹ́, a kò sì ṣaláìní ọ̀kankan nínú wọn.

Kí ló wá dé tí kò fi tètè dé ọ̀dọ̀ wa? Láti Amẹ́ríkà ni àgbàdo fúnra rẹ̀ ti wá, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí ń ná òkun yìí, ní nǹkan bí irínwó ọdún ṣáájú. Irúgbìn gbígbẹ ni wọ́n kó wá, ìrìn àjò náà sì gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Àgbàdo dé, ọ̀tá rẹ̀ kù sẹ́yìn. Fún gbogbo àkókò yẹn, àwọn àgbẹ̀ wa ṣa àgbàdo tó dùn, tó tètè gbó, tó bá ilẹ̀ wọn mu. Kò sẹ́ni tó ṣa èyí tó lè bá ìpẹtà yìí jà, nítorí kò sẹ́ni tó rí i rí. Ohun ìjà tí àgbàdo kò lò, ó sọ ọ́ nù díẹ̀díẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan rò pé bàálù ló gbé àìsàn náà kọjá òkun: àgbàdo tútù kan nínú ẹrù, wákàtí díẹ̀, ó ti dé. Kò sẹ́ni tó bá olè náà lójú ọ̀nà, àmọ́ mo gba èyí gbọ́ ju ọ̀rọ̀ atẹ́gùn lọ. Atẹ́gùn ti ń fẹ́ láti irínwó ọdún, bàálù ló jẹ́ tuntun.

Ní 1952, Rhind, Waterston àti Deighton kọ̀wé nípa rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Nature. Ní ọdún yẹn kan náà, ó ti dé Kenya. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹ̀ka ìwádìí kan sílẹ̀ ní Moor Plantation, n'Ìbàdàn, nítorí ìpẹtà àgbàdo yìí. Wọ́n wá irúgbìn lọ sí Amẹ́ríkà Àárín àti àwọn erékùṣù Kàríbéánì, níbi tí àgbàdo àti àìsàn náà ti jọ ń gbé pọ̀ tipẹ́. Ní Kenya, Storey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí jíìnì tó lè dá ìpẹtà náà dúró. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ẹ̀yà ìpẹtà mìíràn fi yọjú, tí jíìnì àkọ́kọ́ yẹn kò lè rí nǹkan ṣe sí.

Ohun mìíràn wà tó ń ṣẹlẹ̀ lóko ní gbogbo àkókò yìí, tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ. Àgbàdo kì í ṣe bí ìrẹsì tó máa ń fi ara rẹ̀ ṣe ọkọ àti aya. Atẹ́gùn ló ń gbé ìyẹ̀fun orí rẹ̀ lọ bá ẹlòmíràn, nítorí náà oríṣiríṣi ló máa ń wà nínú oko kan ṣoṣo. Nínú oko tí ìpẹtà ti jó ewé rẹ̀ gbẹ, díẹ̀ máa ń wà tí ewé wọn ṣì tutù. Àwọn yẹn ló rí ayé gbó, ọmọ tiwọn ló kún. Kò sí àgbẹ̀ tàbí aya àgbẹ̀ tó máa so ọmọ àgbàdo tó ṣófo mọ́ àjà lókè ààrò fún irúgbìn. Èyí tó kún ló máa so. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún nìyẹn, ìkórè méjì lọ́dún níbi tí òjò bá ti gbà. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, àìsàn náà ti rọlẹ̀, kódà nínú oko àwọn tí kò gba irúgbìn tuntun kankan.

Àwọn kan á ní àdáyébá ló ṣe é, kì í ṣe àgbẹ̀. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n àdáyébá kọ́ ló gun àjà. Ẹni tó ń pinnu èyí tí a ó jẹ àti èyí tí a ó gbìn, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní Moor Plantation ló ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gba owó oṣù. Ohun tó jẹ́ kí ìpinnu rẹ̀ so èso ni pé ohun tó wà níwájú rẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Èyí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń rọ àgbẹ̀ pé kó máa ra irúgbìn kan náà lọ́dọọdún, kó má tọ́jú tirẹ̀ mọ́. Irúgbìn tí wọ́n ń tà yìí ń so dáadáa, n kò bá a jà. Àmọ́ ẹ wo Uganda: ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ẹ̀yà ìpẹtà àlìkámà kan ní 1998, tí wọ́n wá pè ní Ug99. Ó borí jíìnì kan tó ń jẹ́ Sr31, tí àlìkámà ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé ti fẹ̀yìn tì. Ó gba Kenya àti Ethiopia kọjá, ó dé Yemen, ó dé Iran.

Ìpẹtà àgbàdo náà kò sì kúrò nílé wa. Bí ẹ bá wọ oko àgbàdo lóṣù kẹsàn-án, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀, ẹ yẹ àwọn ewé ìsàlẹ̀ wò dáadáa, ẹ lè rí àwọn àmì pupa náà níbẹ̀. Ẹ bi olóko léèrè. Ó ṣeé ṣe kó ní kò sí nǹkan kan, pé ewé ló ń gbó.