Kọ̀ǹpútà méjì, iṣẹ́ kan: ẹ wá gbọ́ ibi tí git ti wá 🧵

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀. Ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀ ní Odigbo, ó máa dé Amsterdam.

Kọ̀ǹpútà méjì ni mo fi ń ṣiṣẹ́ wẹ́bùsáìtì. Dẹ́sítọ́ọ̀pù wà nílé ní Odigbo, láptọ́ọ̀pù wà lọ́wọ́ mi ní Ọ̀rẹ̀ níbi tí mo ti ń rí iná lò. Fláàṣì ni mo fi ń kó fáìlì láti ọ̀kan sí èkejì. Lọ́jọ́ kan mo da fáìlì àná lé ti òní lórí. Iṣẹ́ oníbàárà, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ó lọ. Mo sunkún, ẹ má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Mo wá ń bi ara mi pé ṣé èmi nìkan ni? Rárá o. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí fà á.

Lọ́dún 1972, Marc Rochkind ní Bell Labs, Amẹ́ríkà, kọ SCCS. Kì í tọ́jú odindi fáìlì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ohun tó yí padà nìkan ló ń tọ́jú. Walter Tichy náà gbé RCS jáde lọ́dún 1982. Ó dáa, àmọ́ bí ẹnì kan bá ti di fáìlì mú, ẹlòmíì á dúró.

Èyí tó wù mí jù ni ti Dick Grune, olùkọ́ ní Vrije Universiteit, Amsterdam. Òun àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ méjì jọ ń kọ compiler kan. Ọ̀kan ń ṣe ti aago mẹ́sàn-án sí márùn-ún, èkejì kò ní àkókò kan pàtó, Grune fúnra rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ nìkan ló ráyè. Ló bá kọ CVS, ó gbé e síta lọ́dún 1986: kí oníkálùkù ṣe tirẹ̀, kí wọ́n wá pa á pọ̀ tó bá yá.

Ṣebí èmi náà nìyẹn? Odigbo láàárọ̀, Ọ̀rẹ̀ lọ́sàn-án. Àfi pé èmi àti ara mi là ń jà.

Lọ́dún 1996, Andrew Tridgell àti Paul Mackerras ní Australia gbé rsync jáde. Kọ̀ǹpútà méjèèjì á kọ́kọ́ fi fáìlì wéra, ibi tó yàtọ̀ nìkan ló máa kọjá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń fowó ara ẹ̀ ra dátà, ó yé e.

Tridgell yìí kan náà ló tún fa wàhálà. Látọdún 2002 làwọn tó ń kọ Linux ti ń lo BitKeeper lọ́fẹ̀ẹ́. Tridgell wá ń kọ irinṣẹ́ tirẹ̀ tó lè bá BitKeeper sọ̀rọ̀. Inú bí Larry McVoy tó ni ín, ó gba ọ̀fẹ́ padà lọ́dún 2005. Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀! (Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀rẹ̀, ẹ mọ̀ pé August 1967 ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá, nígbà tí wọ́n dá ọmọ ogun Biafra dúró níbí.) Linus Torvalds jókòó lóṣù April 2005, láàárín ọjọ́ díẹ̀ git ti ń tọ́jú kóòdù ara rẹ̀.

Ohun tí git fi ju CVS lọ: kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ní gbogbo ìtàn iṣẹ́ náà. Bí nẹ́tíwọọ̀kì bá lọ ní Odigbo, mo ṣì lè commit. Tó bá dé, mo push.

Àmọ́ kóòdù nìkan kọ́ o. Kóòdù kan náà lè ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù, kó kọ̀ lórí dẹ́sítọ́ọ̀pù torí PHP ibẹ̀ ti pẹ́. Ìdí tí Docker fi gbajúmọ̀ lẹ́yìn 2013 nìyẹn: ẹ kọ irú PHP àti MySQL tí ẹ fẹ́ sínú fáìlì kan, ẹ̀rọ méjèèjì á gbé nǹkan kan náà dìde. Láptọ́ọ̀pù mi tó ní 4GB ń mí hẹlẹhẹlẹ, ṣùgbọ́n ó ń lọ.

Dátàbéèsì ló tún mú mi. Git kò mọ ohun tó wà nínú MySQL, mysqldump ni mo fi ń kó o jáde kí n tó kúrò nílé. Fáìlì .env tí páàsíwọọ̀dù wà nínú ẹ̀ kì í wọ git láéláé. Node_modules náà, ẹ fi sílẹ̀, npm ci á gbé e wá.

Lánàá mo gbàgbé push, mo sì ti dé Ọ̀rẹ̀. Mo ṣiṣẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo délé lálẹ́, git dá mi dúró: tibí rèé, tọ̀hún rèé, ibi mẹ́rin ló forí gbárí. Mo yanjú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo lọ jẹun.