Àwọn Ará Òkè Sunna Kì í Ṣe Jàmáà: Àtúnyẹ̀wò Ìtàn Ìlú Mùsùlùmí Kan tó Tú ní Ẹ̀bá Ìlọrin

Akẹgbẹ́ wa kan kọ ọ́ láìpẹ́ yìí pé àwọn Mùsùlùmí Òkè Sunna ni jàmáà tó pa Àfọ̀njá, àti pé nígbà tí ogun tú ìlú wọn, ẹ̀san ló ké lé wọn lórí. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́, àmọ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Àfọ̀njá ni Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó ń ṣàkóso Ìlọrin, Alimi sì ni àlùfáà Fúlàní tó ké sí wá sí ìlú náà kó ràn án lọ́wọ́. Samuel Johnson, òpìtàn Yorùbá, tó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 tí wọn kò tẹ̀ ẹ́ títí di 1921, ló sọ fún wa pé ọ̀dọ̀ Ṣólágbérú, ọmọ Yorùbá, ọ̀rẹ́ Àfọ̀njá, ni àwọn Mùsùlùmí Gbanda, Kobayi, Agoho àti Kuwo kó lọ, ní Òkè Sunna. Wọ́n ya ara wọn sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn abọ̀rìṣà, wọ́n sì tún yà kúrò lára àwọn Fúlàní tí wọ́n jọ ń kírun.

Ibi tí akẹgbẹ́ wa ti ṣìnà nìyí. Ọmọ ogun ni jàmáà: àwọn Hausa tó jẹ́ ẹrú Yorùbá, tí wọ́n sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn, àti àwọn Fúlàní tó tẹ̀ lé Alimi. Òrùka irin ni wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀, ìkógun sì ni wọ́n ń jẹ. Àfọ̀njá fúnra rẹ̀ fẹ́ tú wọn ká nígbà tí ìwà wọn sú u, ìyẹn ló sì mú ikú rẹ̀ wá ní nǹkan bíi 1824. Àwọn ará Òkè Sunna ní ilé, wọ́n ní olórí tiwọn, èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń bá ọmọ wọn wí. Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà lọ́rùn Ṣólágbérú: nígbà tí jàmáà dojú kọ Àfọ̀njá, ó ké sí i, kò jáde. Johnson kò dárí jì í láéláé. Ṣùgbọ́n ẹni tó káwọ́ gbera wòran kọ́ ló ta ọfà. Bí wọ́n bá jẹ́ jàmáà lóòótọ́, kí ni Abdulsalami ọmọ Alimi, tí jàmáà gbé dépò, tún ń bá wọn jà sí títí tó fi pa olórí wọn? Mùsùlùmí ló ṣí Mùsùlùmí nídìí. Ìjà láwàní ni. Olórí méjì kò lè gba Ìlọrin.

Ẹnìkan lè rí i lọ́nà mìíràn, n kò sì sé ilẹ̀kùn. Kí onítọ̀hún kọ́kọ́ lọ ka ìtàn Ìlọrin tí Ahmad bin Abi Bakr fi èdè Lárúbáwá kọ ní 1912.

Irú àṣìṣe yìí, kí a fi orúkọ ẹlòmíràn bo àwọn kan mọ́lẹ̀, kò mọ sọ́dọ̀ wa. Ní Yerevan, olú-ìlú Armenia, wọ́n wó mọ́ṣáláṣí kékeré kan tó jẹ́ ti àwọn ará Azerbaijan palẹ̀ ní 1990. Èyí tó ṣẹ́kù, tí wọ́n kọ́ ní ẹ̀wádún 1760, "ti Páṣíà" ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé àwọn ará Azerbaijan kò gbé ibẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ ká kúrò ní Ìlọrin wá sí Ìjẹ̀bú, níbi tí kò ti sí jàmáà kankan. Ọwọ́ ẹrú àti oníṣòwò ni ẹ̀sìn Ìsìláàmù gbà wọlé, ó ti wà níbẹ̀ kí Òyìnbó tó ṣẹ́gun ní Ìmàgbọn ní 1892, Balógun Kúkù, ìjòyè ńlá ní Ìjẹ̀bú-Òde, sì gbà á ní 1902. Ìjẹ̀bú-Òde ni gbogbo ìwé ń sọ. Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgó-Ìwòyè àti àwọn ìlú etí ọ̀sà bí Àbìgì ńkọ́? Ibẹ̀ ni mo ń mú ìwádìí yìí lọ, lọ́dọ̀ àwọn ìdílé tó ń jẹ oyè lémọ́ọ̀mù, láti bi wọ́n léèrè ibi tí àwọn baba ńlá wọn ti ń kírun kí ẹnikẹ́ni tó gbà wọ́n láyè láti mọ ògiri mọ́ṣáláṣí.